Ẹ wo afẹ́fẹ́ kí ẹ tó wo omi ní Tramore

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra àlejò o. Mo ka ìbéèrè yín lálẹ́ àná. Ẹ ní màmá yín ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, pé eékún ń dùn wọ́n, pé àwọn ìbejì ti pé ọdún mẹ́jọ, pé ẹ ò ní mọ́tò, ẹ sì fẹ́ fi ọjọ́ kan ṣoṣo mú gbogbo wọn lọ gbafẹ́ ní Tramore, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Ireland. Ẹ wá béèrè ní ìparí bóyá àwọn ọmọ lè wọnú òkun. Àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ dá yín lóhùn sọ pé ibẹ̀ dùn, kí ẹ ṣáà máa lọ. Wọn ò parọ́, ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òkun tí ẹ fi parí yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ń kọ èyí, kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò le. Bọ́ọ̀sì 360 ló ń lọ láti Waterford, kìlómítà 13 péré ni. Ẹ máa rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ní ọdún 2014.

Ọmọ Ìkọ̀rọ̀dú ni mí. Etí ọ̀sà ni mo dàgbà sí, bàbá bàbá mi fi àwọ̀n jẹun, èmi náà sì mọ̀ ọ́n wẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà mi ò ka omi sí nǹkan tuntun. A dé Tramore ní ọjọ́ kan láàrin oṣù Keje, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 11 àti Àjàní tó jẹ́ ọmọ ọdún 7. Oòrùn mú. Òkun tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú dígí, kò sí ìgbì kankan tó ga ju kókósẹ̀ lọ. Àwa tí a mọ Èkó, ariwo la fi ń mọ òkun tó burú. Kí wọ́n tó kó iyanrìn dí Bar Beach, ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń bú mọ́ etídò á ti mọ̀ pé òkè ni kí òun dúró sí. Ti Tramore ọjọ́ yẹn kò fọhùn rárá. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ire.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun gan-an ni mo ṣe jí. Gúúsù ni òkun Tramore kọjú sí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti gúúsù, ìgbì á máa wọlé, ẹ̀rù á sì ba gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tí ò ní ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n bó bá ń fẹ́ láti àríwá, orí ilẹ̀ ló ń gbà wá, ó ń gba orí ìlú kọjá, ó sì ń tẹ omi etíkun mọ́lẹ̀ kó tẹ́. Afẹ́fẹ́ kan náà yẹn ló ń ti gbogbo ohun tó bá léfòó lọ sójú agbami. Ẹni tó dúró sórí iyanrìn ò ní fura, torí òkè àti ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dáàbò bò ó. Ibi tí omi ti mu èèyàn dé ìbàdí ni agbára afẹ́fẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí òkun Tramore bá rẹwà jù fún ọmọdé lè jẹ́ ọjọ́ tó burú jù.

Kí a tó sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi, mo yà síbi kan tí wọ́n ti ń fún àlejò ní ìwé àti máàpù. Mo bi ẹni tó jókòó níbẹ̀ léèrè, pẹ̀lú ẹnu ara mi, pé ṣé omi dára fún ọmọdé lónìí. Ó ní omi dà bí adágún, pé ọjọ́ tó dára jù lọ nínú ọdún nìyí. Ó fún mi ní ìwé pélébé tó kún fún àwòrán. Kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Mo bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí, mo ra ọkọ̀ rọ́bà kékeré tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí fún Àjàní. Ẹni tó tà á bá wa fẹ́ ẹ, ó so okùn mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì ló wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, méjèèjì sì ń gbé ìlú yẹn. Inú mi ò tíì rọ̀ sí wọn di òní.

Ibi tí àwọn lifeguard, ìyẹn àwọn tó ń gba èèyàn là nínú omi, ń ṣọ́, tí wọ́n ri àsíá pupa òun òféfèé mọ́lẹ̀ sí, kún fún èrò. A rìn lọ sápá òkìtì iyanrìn kí a lè ráyè, ìrìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Ká ní a dúró síbi àsíá ni, ohun tó tẹ̀ lé e ì bá má ṣẹlẹ̀.

Àjàní wà nínú ọkọ̀ rọ́bà, èmi di okùn mú, omi ò ju orúnkún mi lọ. Fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè láti ilé, a sì ti ń wá ara wa láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo fa okùn lé Àbẹ̀kẹ́ lọ́wọ́. Mi ò tíì kí ẹ̀gbọ́n mi tán tí okùn fi bọ́. Nígbà tí mo yíjú padà, àlàfo tó wà láàrin wa ti tó mọ́tò méjì. Àjàní ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wa. Ó rò pé eré ni.

Mo ju fóònù sí Àbẹ̀kẹ́, mo sáré wọ inú omi pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì gígùn lára mi. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kan, ọkọ̀ á lọ ẹsẹ̀ mẹ́ta. Omi dé àyà mi, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀. Nínú oṣù Keje náà, omi ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi digírì 15 lọ. Ẹni tí ọ̀sà Ìkọ̀rọ̀dú tọ́ dàgbà kò mọ irú òtútù bẹ́ẹ̀. Èémí mi ń já lóókan-lóókan, mi ò lè dá a dúró, bí mo ṣe ń fà á ni omi iyọ̀ ń wọlé sí mi lẹ́nu. Síkẹ́ẹ̀tì wé mọ́ ẹsẹ̀ mi. Mo na ẹsẹ̀ wá ilẹ̀, mi ò bá a. Mo kígbe "Ẹ gbà mí o!" bí a ṣe ń ké e nílé, ta ló máa gbọ́ ọ níbẹ̀? Ohùn Àjàní náà ti yí padà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, "Mọ́mì" ló ń pè, ohùn náà sì ń jìnnà.

Àbẹ̀kẹ́ pe 999. Wọ́n bi í pé ta ló fẹ́ kí wọ́n so òun pọ̀ mọ́. Ọmọdé ni, ó ní ọlọ́pàá. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá, ọlọ́pàá ń béèrè àdírẹ́sì lọ́wọ́ ọmọ tó dúró sórí iyanrìn. Ẹ kọ́ àwọn ìbejì lónìí, kí wọ́n sọ ọ́ títí yóò fi mọ́ wọn lẹ́nu: 999 tàbí 112, bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti òkun, ti òkè tó wà létí òkun tàbí ti iyanrìn etíkun, kí wọ́n sọ pé "Coast Guard", àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun. Kí wọ́n dárúkọ etíkun náà àti ohun ńlá kan tí wọ́n lè rí láti ibi tí wọ́n dúró sí. Kí wọ́n má gbé fóònù sílẹ̀.

Ọmọ náà rí i pé ọ̀rọ̀ ò yé ara wọn, ló bá sáré lọ síbi àsíá. Kó tó débẹ̀, ọkùnrin kan tó mú pátákó rẹ̀ wá láti gun ìgbì, tí kò sì rí ìgbì gùn, ti rí Àjàní. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí pátákó, ó fi ọwọ́ wa omi débẹ̀, ó fa ọmọ mi jáde nínú rọ́bà. Ó pariwo sí mi kí n dùbúlẹ̀ gbalaja, kí n kọjú sókè, kí n yéé jà. Gbólóhùn yẹn ló gbà mí là. Mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, mo tẹ orí sẹ́yìn, etí mi wọnú omi, mo la apá àti ẹsẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú kan àbọ̀ èémí mi padà bọ̀ sípò. Àwọn lifeguard méjì débẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀kan gbé mi, èkejì lọ bá àwọn tó wà lórí pátákó.

Mo jókòó sórí iyanrìn, mo di Àjàní mọ́ra, mo rí ọkọ̀ rọ́bà náà tó ń lọ. Kò dúró. Mo wò ó títí tó fi kéré bíi bọ́tìnì, títí mi ò fi rí i mọ́. Ọdún kọkànlá rèé, mo ṣì máa ń rí i lójú oorun.

Èyí tó tún dùn mí ni ti àwọn tó yẹ kí wọ́n tù mí nínú. Aláṣẹ kan wá pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi tó ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú àwọn arúgbó wọn láti ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní ṣé mi ò ka pátákó ìkìlọ̀ ni. Ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí ni pátákó náà wà, bọ́ọ̀sì la sì wọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, ẹnìkan wá wo inú ilé wa, ó ṣí fíríìjì, ó bá Àbẹ̀kẹ́ nìkan sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń gbọ̀n bí agogo ẹnu ọ̀nà bá dún. Nígbà tó yá wọ́n kọ ìlà méjì ránṣẹ́ pé wọ́n ti pa fáìlì náà dé. Kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́" kan níbẹ̀.

Dókítà tó rí Àjàní lọ́jọ́ náà kò lò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó ní ara ọmọ le, ká máa lọ sílé. Mo sọ fún un pé ọmọ náà mu omi, pé ó ń wúkọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ń bà mí. Lóru ọjọ́ náà, ikọ́ ò dá, àyà rẹ̀ ń sáré lọ sókè sódò. A padà lọ, wọ́n dá a dúró fún òru méjì, wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí omi bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, bó tiẹ̀ ń rìn, tó ń sọ̀rọ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ní ẹ máa lọ sílé, tí ikọ́ tàbí mímí kíákíá bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ padà lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Ìyá ló mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí.

Ó dáa. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ ní oṣù Kẹfà: àwọn lifeguard máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà, òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń wà. Ọjọ́ Sátidé ni kí ẹ lọ, ilé ìwé ọmọ ò sì tíì ní gba ìsinmi nígbà náà. Àárín àsíá pupa òun òféfèé méjì ni kí àwọn ìbejì wà, kó má kọjá orúnkún wọn, kí ẹ̀yin náà sì wà nínú omi, níbi tí ọwọ́ yín ti lè tó wọn. Bí ẹ bá rí àsíá tó pupa látòkè délẹ̀, ìyẹn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi. Kò sí ọkọ̀ rọ́bà, kò sí táyà aláfẹ́fẹ́, kò sí ẹja aláràbarà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Bí wọ́n bá sunkún fún un, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún.

Kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà. Ẹja kékeré kan wà tó máa ń bo ara rẹ̀ sábẹ́ iyanrìn nígbà tí omi bá fà, weever ni wọ́n ń pè é, oró wà lára ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá gún ọmọ lẹ́sẹ̀, omi gbígbóná ni kí ẹ ki ẹsẹ̀ náà bọ̀, èyí tí ọmọ lè fara dà tí kò ní bó o, fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ilé oúnjẹ èyíkéyìí á fún yín ní omi gbígbóná.

Ẹnìkan níbí dá a lábàá pé kí ẹ rìn dé ìparí òkìtì iyanrìn. Mo bẹ̀ yín, rárá. Níparí ibẹ̀ ni ẹnu omi Rinnashark wà, níbi tí òkun ti ń gbà wọ ẹ̀yìn iyanrìn, tó sì ń gbà jáde padà. Ó ń sáré. L'Ékòó, omi òkun kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà kan lọ láàrin ìgbà tó fà àti ìgbà tó kún, a ò sì kà á sí nǹkan. Ní Tramore, ó lè ga ju mítà 3 lọ láàrin wákàtí mẹ́fà. Ibi tí ẹ rìn gbẹ lọ lè di omi kí ẹ tó padà. Àwọn ìwé pélébé yẹn á máa pè é ní ìrìn tó rọrùn. Ta ló rọrùn fún?

Guillamene àti Newtown Cove náà, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń wẹ̀, kì í ṣe ti yín. Àtẹ̀gùn rẹ̀ gùn, omi ibẹ̀ sì jìn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ṣì fi pátákó àtijọ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó sọ pé ọkùnrin nìkan ló gbọdọ̀ wẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tọkùnrin tobìnrin ló ń wẹ̀ báyìí.

Ti Màmá ni kí n wá sọ, torí mo ti fẹ́ gbàgbé pé eékún wọn lẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀nà etíkun tó wà nísàlẹ̀, níbi tí àwọn ohun ìṣeré ọmọdé wà, tẹ́jú, ìjókòó sì wà. Owó ohun ìṣeré yẹn máa ń tètè gbẹ lápò, ẹ fi iye kan lélẹ̀ fún àwọn ọmọ láti ilé. Ọ̀nà ìrìn Doneraile Walk ni mo fẹ́ràn jù fún àgbàlagbà. Orí òkè tó wà létí òkun ni, ẹ ó rí gbogbo etíkun láti ibẹ̀ láìfi ẹsẹ̀ kan iyanrìn. Òkúta ìrántí ọkọ̀ Sea Horse wà níbẹ̀. Ọkọ̀ náà ń kó àwọn sójà bọ̀ láti ogun Napoleon pẹ̀lú àwọn aya àti ọmọ wọn, ó fọ́ sínú omi Tramore ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1816, ènìyàn 363 sì kú. Láti ọdún 2014 ni mo ti máa ń dúró níbẹ̀ kí n gbàdúrà fún wọn, pàápàá àwọn ọmọ.

Láti ibẹ̀, bí ẹ bá wo apá ọ̀tún, ẹ ó rí òpó funfun mẹ́ta lórí òkè Newtown Head, ère atukọ̀ kan dúró lórí ọ̀kan, ó ń nàka sójú òkun. Metal Man nìyẹn. Ọdún 1823 ni wọ́n ṣe é, lẹ́yìn ìjàǹbá náà, kí àwọn atukọ̀ lè mọ̀ pé ibẹ̀ kọ́ ni ẹnu èbúté Waterford. Òpó méjì tún wà ní òdìkejì, lórí Brownstown Head. Àwọn ará ibẹ̀ ní obìnrin tó bá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò yí òpó rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta máa rí ọkọ kí ọdún tó yí po. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn dé ìdí rẹ̀ mọ́, ẹ wò ó láti òkèèrè.

Ọgbà Japan náà wà, ti Lafcadio Hearn, òǹkọ̀wé tó máa ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Tramore nígbà tó wà lọ́mọdé, tó sì wá di ọmọ ilẹ̀ Japan. Wọ́n ṣí i ní ọdún 2015. Ẹ ó sanwó wọlé. Ilẹ̀ rẹ̀ lọ sókè sódò, ẹ jẹ́ kí Màmá máa sinmi lójú ọ̀nà, kí ẹ sì béèrè ọ̀nà tó tẹ́jú lẹ́nu géètì. Àwọn òdòdó rẹ̀ máa dùn mọ́ wọn.

Mahon Falls, omi tó ń já bọ́ látorí òkè, dára, etíkun Copper Coast dára, ṣùgbọ́n mọ́tò ni wọ́n gbà. Bí Màmá bá ṣì wà lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ ojú irin kékeré ti Kilmeaden tó ń lọ létí odò Suir ló yẹ wọ́n, orí ìjókòó ni wọ́n á wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ mú súwẹ́tà dání fún Màmá, kí ẹ sì fi gèlè tàbí ìborùn bò wọ́n létí, oṣù Kẹfà ibí kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ẹ se ìrẹsì dání. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ẹ kọ̀wé sí mi níbí. Màá wo ibi tí afẹ́fẹ́ máa ti fẹ́ wá lọ́jọ́ kejì, màá sì sọ fún yín kí ẹ tó sùn.